Aránṣọ, Abẹ Àtijọ́, àti Àgbọ̀n Bàbá Rẹ̀

Wọ́n ní Aránṣọ dúńbú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni, pé ọkùnrin náà já síta tòun ti ìfófó lẹ́nu, tó ń ké pé, "Ó ti pa mí o! Ó ti pa mí!" Wọ́n ní abẹ ló kún inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bámúbámú, pé ó ti pẹ́ tó ti ń pọ́n wọn de ọkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́n sọ ju ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ lọ tilẹ̀ ti fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ẹnu àbáwọlé.

Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọkùnrin náà ké. Òótọ́ ni pé abẹ pọ̀ nílé wọn. Òótọ́ sì ni pé ìfófó wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni. Ọkùnrin tí wọ́n ní wọ́n ti dúńbú wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé mi láàárọ̀ yìí, ó sì fọn fèrè kí mi. Òkú kì í fọn fèrè ọkọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí kò tíì rìn jìnnà, ẹ jẹ́ ká sáré lé e bá. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ro gbogbo rẹ̀ fún mi níbi tó ti ń wọn aṣọ mi, tòun ti abẹ́rẹ́ tó há sí ẹnu, kò sì yé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí kó má gbé abẹ́rẹ́ mì.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni bàbá náà, kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí tó ń fi ẹ̀rọ oníná kùn yunmuyunmu lórí èèyàn. Abẹ ni tirẹ̀, abẹ àtijọ́ gbọọrọ, èyí tó máa ń ká padà sínú èèkù rẹ̀ bí ìgbín tó wọ inú karahun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga kan, dígí kan, àti awọ gígùn kan tó so rọ̀ lára ògiri, tó máa ń fi nu ojú abẹ kó tó fọwọ́ kan àgbọ̀n ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ńláńlá a máa jókòó síbẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀fun sókè fún un, wọ́n á sì dijú. Bàbá a máa wí pé, "Ẹni tó bá lè sùn nígbà tí abẹ mi wà lọ́fun rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹni tó bá ń yọjú wò mí, kó san owó rẹ̀ kó máa lọ."

Nígbà tí ara di ara àgbà, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó pín àwọn abẹ rẹ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àgbọ̀n tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú dígí, ẹyọ kan náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó kán sí méjì. Bàbá gbá a jọ, ó dà á nù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fá irùngbọ̀n mọ́. Ọkọ Aránṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́bà nítorí bọ́ọ̀sì tó ń wà, gbé ẹ̀rọ oníná tirẹ̀ wá pé kóun bá a fá a. Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Àna mi, ṣé ohun tí wọ́n fi ń gé koríko pápá nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń gé."

"Irùngbọ̀n ta ni?"

"Tèmi, Bàbá."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí irùngbọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nìyẹn. Ó funfun, ó kún, ó ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún bí òwú tó tú sílẹ̀ lára ìdì rẹ̀. Bàbá tó ti mú gbogbo àdúgbò mọ́ tónítóní wá dà bí ẹni tó ti inú igbó jáde.

Aránṣọ rò ó pé bí òun bá rí abẹ mìíràn tó jọ èyí tó kán, bóyá ọkàn bàbá á balẹ̀. Ta ló tún ń ta irú rẹ̀ lóde òní? Ó gba ọjà àlòkù lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Alálòkù, tó máa ń jókòó sáàárín aago tó ti dákẹ́, agbòjò tí kò ní aṣọ, àti fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́.

"Ẹ bá mi wá abẹ," ni Aránṣọ wí. "Ti àtijọ́, tó ń ká."

"Abẹ kẹ̀? Ìyá, kí ni ọkọ yín ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ sáà wá a sílẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá ṣe é ńkọ́?"

Alálòkù bú sẹ́rìn-ín. Ó tú agolo bísíkíìtì kan jáde, kọ́kọ́rọ́ àti ṣíbí dà sílẹ̀ wàràwàrà, abẹ kan sì wà láàárín wọn tó ti dógùn-ún débi pé kò ṣí. Aránṣọ rà á. Nígbà tó délé, ó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé rẹ̀, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣí. Ó mú sáńpépà, ó mú ìrépé aṣọ, ó jókòó tì í. Ìdógùn-ún ń kúrò bí èépá ojú egbò. Lábẹ́ rẹ̀, òdòdó kékeré kan yọ lára irin náà, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́wẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnìkan wá ṣílẹ̀kùn fún òun. Aránṣọ pariwo. Dírẹ́bà sáré wọlé pé kí ló dé.

"Òdòdó!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wò ó! Òdòdó ló wà níbẹ̀!"

"Mo rò pé o gé ìka rẹ ni."

"Mo gé e. Ṣùgbọ́n wo òdòdó!"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bàbá nìkan, tó di ti Aránṣọ fúnra rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn kan ṣe ń rí bàtà tí ojú wọn ń tàn. Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ lórí abẹ. Ó ń yẹ àpò kóòtù àtijọ́ wò, ó ń fa ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ àwọn tábìlì tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Ó rí abẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo màlúù, ó rí onígi, ó rí eléegun tó ti pọ́n bí eyín àgbàlagbà. Àwọn tí ojú wọn ti yọ eyín, ó ń fi òkúta ìpọ́nbẹ lọ̀ wọ́n, omi díẹ̀, òkúta díẹ̀, títí wọ́n á fi tẹ́jú. Kì í rà láti tún tà. Ó ń tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ lórí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣí wọn wò bí ìyá tó ń yẹ ọmọ tó ń sùn wò.

Kò mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o. Níbẹ̀rẹ̀, kò ní awọ tó lè fi nu ojú abẹ bí ti bàbá, ló bá mú bẹ́líìtì Dírẹ́bà, ó so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn abẹ ló yẹ kó ṣáájú lórí awọ, kí ojú rẹ̀ máa tẹ̀lé e. Aránṣọ ní tirẹ̀ jẹ́ kí ojú ṣáájú. Fàá! Bẹ́líìtì di méjì. Lọ́jọ́ kejì, rííbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà kan ni Dírẹ́bà fi so ṣòkòtò lọ síbi iṣẹ́. Títí di òní, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń pè é ní Rííbọ́ọ̀nù.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Aránṣọ á mú èyí tó bá tún ṣe lọ fún bàbá, nínú yàrá rẹ̀ tó kọjú sí títì. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka àti etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Á fi èékánná àtàǹpàkò ta ojú abẹ náà jẹ́jẹ́, á sì gbé etí sí i. Bí abẹ bá dára, ó ní ó máa ń fọhùn, á ní tíín, bí okùn tí wọ́n fà le. Lẹ́yìn náà ni yóò dájọ́.

"Èyí dára."

"Ṣé lóòótọ́, Bàbá?"

"Fún gígé ọṣẹ."

Ọ̀sẹ̀ kejì: "Fi èyí bó ọsàn." Ọ̀sẹ̀ mìíràn: "Bí olè bá wọlé, ju èyí lù ú. Kò ní gé e, ṣùgbọ́n ó lè dùn ún." Aránṣọ á fa ẹnu yọ, á ní òun kò wá mọ́ láé. Bàbá á ní, "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mú èyí tó ní èèkù ìwo yẹn wá." Àwọn méjèèjì mọ̀ pé eré ni, eré náà sì dùn. Abẹ ń pọ̀ sí i nínú dúrọ́ọ̀, irùngbọ̀n ń pọ̀ sí i lójú bàbá, kò sẹ́ni tó kánjú.

Àfìgbà tí Ọ̀gá Kékeré dé.

Ọmọ Àkọ́bí ni Ọ̀gá Kékeré. Àkọ́bí ni ọmọbìnrin àgbà tí Aránṣọ bí, ọmọ náà sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ọmọ-ọmọ bàbá. Ó ti tó jókòó, ó ti ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì le bí ti ọ̀gá iléeṣẹ́. Wọ́n gbé e wá kí bàbá ńlá. Bàbá ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ti tẹ́ itan sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ọmọ gbójú sókè, ó rí igbó funfun tó ní ihò láàárín, ihò náà sì ń sọ̀rọ̀. Igbe ta! Ó ké débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú sókè wo fèrèsé. Wọ́n gbé e kúrò, ó dákẹ́. Wọ́n gbé e padà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé e, ẹ gbé e," ni bàbá ń wí. "Kò burú. Ẹni tó lè ké báyìí, àyà rẹ̀ le nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àkọ́bí àti ọmọ ti lọ, tí Aránṣọ ń ṣan ife, ó yọjú sí yàrá, ó rí bàbá níwájú dígí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ohun tó ṣẹ́kù lójú ara rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń kó lọ?" ni bàbá bi í, kò yíjú padà. Ọkọ Àkọ́bí ti ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà réré. Bí oṣù náà bá parí, wọ́n ń lọ nìyẹn.

"Wọ́n á wá dágbére fún yín ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù."

"Hm." Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ẹni tó bá máa rántí mi, ṣé igbe yẹn ló máa fi rántí mi?"

"Ẹ jẹ́ n pe onígbàjámọ̀ kan—"

"Onígbàjámọ̀ ni mí! Mú abẹ tó ń jẹ́ abẹ wá. Màá fá a."

Aránṣọ ní bí òun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni òun ń ka ọjọ́ tó kù. Eré ti parí. Bí kò bá rí abẹ tó mú tó bí bàbá ṣe fẹ́ kí ọmọ tó lọ, ọmọ á lọ láìjẹ́ pé bàbá gbé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan péré, ta ló sì mọ̀ bóyá wọ́n máa tún fojú kanra?

Kánjúkánjú wá bá a. Ó mú èyí tó rẹwà jù nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo dúdú tó ń dán. Dípò kó fi òkúta pọ́n in díẹ̀díẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jó irin lẹ́yìn ọgbà wọn, tó ní ẹ̀rọ tó ń yí gìrìgìrì. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, irin fèrèsé ni tèmi o, mi ò ṣe abẹ rí." Aránṣọ ní kó sáà ṣe é. Iná ń ta pàràpàrà. Irin ń dán bí omi. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, àwọ̀ kan sáré jáde lójú abẹ náà, àwọ̀ aró tó ń yí padà sí àwọ̀ èsè àlùkò, bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rù. Aránṣọ ní tirẹ̀, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yan aṣọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Áà! Ó mà rẹwà o! Ẹ má pa àwọ̀ yẹn rẹ́ fún mi o, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó fi àǹkáṣíìfù wé e, ó sáré gbé e tọ bàbá lọ. Bàbá fi èékánná ta á. Kò ní tíín. Ó ní pọ́. Bàbá tún ta á, ó tún ní pọ́.

"Ta ló sun abẹ yìí?"

"Ẹnikẹ́ni ò sun ún, Bàbá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi—"

"Ṣé ó pa àwọ̀ dà?"

Ohùn Aránṣọ rẹlẹ̀. "Ó yọ aró."

"Ó sì dùn mọ́ ọ nínú."

"Ó dùn mọ́ mi nínú, Bàbá."

Bàbá ká abẹ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá gbé òkú ẹyẹ. "Iná tó pọ̀ jù ló ń mú àwọ̀ yẹn wá. Bí irin bá ti rí i, ó ti kú. Wàá pọ́n in títí, kò ní mú lọ títí. Ọmọ mi, aṣọ ni wọ́n ń fi àwọ̀ rà." Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló mú kí Aránṣọ sunkún nílé.

Dírẹ́bà tu ìyàwó rẹ̀ nínú bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Ó ṣe tán, mo ní bẹ́líìtì tuntun."

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Apá aṣọ oníbàárà kan wọ́, ó di dandan kó tú u. Aránṣọ na ọwọ́ sáàárín òwú, ó mú abẹ dúdú kan tó máa ń fi tú ojú rírán. Ẹ jẹ́ n sọ bí abẹ yẹn ṣe débẹ̀. Èènì ni. Nígbà kan tó ra abẹ gidi lọ́wọ́ Alálòkù, ó ní kó fi èènì sí i, Alálòkù ju èyí sí i lọ́wọ́: ó dúdú kirikiri, apá kan èèkù rẹ̀ ti fọ́ dà nù. Aránṣọ yọ ṣùtì sí i. Kò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn tó wà lórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Ó wá ń fi já òwú, òwú ń já, ó ń já, bí ẹni ń mí èémí sí i. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Kò pọ́n abẹ yìí rí.

Láti ọjọ́ tó ti dé, kò pọ́n in, kò nù ún, kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó sì ń já òwú bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Aránṣọ fi èékánná ta ojú rẹ̀, ó gbé etí sí i. Abẹ náà fọhùn.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó dá àwọn oníbàárà padà. (Ìgbà náà ni mo lọ gba aṣọ mi tí kò dá mi lóhùn, mo ti dárí jì í.) Kò sí ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí. Sáńpépà, omi, òkúta, ọwọ́. Kò pa dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ló tọ́jú. Ní ti èèkù, ó tú ìṣó kékeré tó wà lára abẹ tó sun, ó yọ èèkù ìwo rẹ̀, ó fi wọ abẹ èènì yìí. Ó nù ún lórí awọ, ẹ̀yìn ṣáájú, ojú tẹ̀lé e. Dírẹ́bà di bẹ́líìtì rẹ̀ mú ní gbogbo àsìkò yẹn.

Bàbá gbà á. Ó ta á, ó tẹ́tí. Ó fa irun kan tu lára irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé e sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń gbọ̀n, irun ń jó. Aránṣọ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Abẹ kan irun, irun já, kò dún, kò tẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ wá ààbọ̀ rẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Èènì ni, Bàbá. Òun ni mo fi ń tú aṣọ."

"Ìwọ fi ọba tú aṣọ!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá sọ irùngbọ̀n náà di tútù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí dígí, ó gbé abẹ sókè sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó tún gbé e. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀. Ó rọra ká abẹ náà.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀," ni bàbá wí. "Ìwọ ni wàá fá a."

"Èmi! Bàbá, mi ò fá ẹnikẹ́ni rí láyé mi!"

"Lọ fá bàlúùnù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Fẹ́ atẹ́gùn sí i, fi ọṣẹ pa á, fá ọṣẹ náà kúrò. Ọjọ́ tí kò bá bẹ́ mọ́ ni kí o padà wá."

Ẹ̀yin náà ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Aránṣọ ra bàlúùnù aláwọ̀ oríṣiríṣi, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Dírẹ́bà ló ń bá a di wọ́n mú. Bàlúùnù kìíní bẹ́, ìkejì bẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọwọ́ Aránṣọ ti balẹ̀, ó ti fá púpọ̀ nínú ọṣẹ ara bàlúùnù pupa kan, Dírẹ́bà sì gbé e sún mọ́ imú kó lè rí i dáadáa.

"Má mì," ni Aránṣọ wí.

"Mi ò mì."

"O ń mì."

"Ọṣẹ yìí ló ń rìn mí nímú. Mo fẹ́ sín."

"Má dán an wò!"

Ó sín. Gbàà! Ọṣẹ wọ ojú, ó wọ imú, ó wọ ẹnu tó ṣí sílẹ̀. Bàlúùnù pupa lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Dírẹ́bà kò ríran mọ́, ló bá fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ó já síta, tó ń wá omi, tó ń ké pé, "Ó ti pa mí o!" Aránṣọ tẹ̀lé e tòun ti abẹ lọ́wọ́, ó ń ké pé, "Dúró! Jẹ́ n rí ọ!" Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, obìnrin tí à ń pè ní Ìyá Òkè ń sá aṣọ. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ìfófó, ó rí pupa lọ́rùn, ó rí abẹ. Aṣọ tútù jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù pé. Aránṣọ kọ́kọ́ fi aṣọ inura tó gbóná wé àgbọ̀n bàbá, ó fi sísọ́ọ̀sì aránṣọ dín igbó náà kù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe ọṣẹ kó hó. Bàbá jókòó sórí àga níbi fèrèsé, ó gbé ọ̀fun sókè.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ṣé ọ̀fun tìẹ ni? Fa awọ ara sókè. Tẹ́ abẹ sílẹ̀ díẹ̀. Má ti i, jẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀. Ṣé aṣọ lò ń gé ni?"

"Ẹnu yín ń mì, Bàbá."

"Mo ti dákẹ́."

"Ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Mò ń sọ fún ọ pé mo ti dákẹ́ ni."

Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aránṣọ ní ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ jẹ́jẹ́ kọjá lórí pákó. Ọ̀nà kan mọ́ lẹ́bàá etí, ọ̀nà mìíràn mọ́ tì í. Ojú bàbá tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, àpá kékeré ìgbà èwe lábẹ́ ètè, àgbọ̀n tó jọ ti Aránṣọ gan-an. Nígbà tó dé ọ̀fun, ó fẹ́ sọ fún bàbá pé kó má ṣe mira. Ó wo ojú rẹ̀. Bàbá ti sùn lọ.

Ó fá a tán, kò sí ojú ọgbẹ́ kan. Ó ká abẹ náà, ó rọra jí bàbá.

Àkọ́bí dé pẹ̀lú ọmọ. Bàbá jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ ń dán bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n gbé Ọ̀gá Kékeré lé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ wò ó. Ó wo àgbọ̀n, ó wo ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní igun méjèèjì.

"Ó tún ti dé," ni Dírẹ́bà wí. "Irùngbọ̀n ló wá mọ̀, kò mọ bàbá."

Igbe bẹ́. Àkọ́bí na ọwọ́ kó gbé e. Ṣùgbọ́n bàbá fi orí kọ̀ fún Àkọ́bí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ahọ́n lu òkè ẹnu rẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ohùn sísọ́ọ̀sì onígbàjámọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tan gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé wá gé irun lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n má bàa bẹ̀rù irin. Ó ti pẹ́ tí Aránṣọ ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ọmọ dákẹ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ó ń wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èyí tó ti ń mu látàárọ̀, ó fi lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n bàbá. Ọwọ́ yọ̀ bọ̀rọ́. Ó tún gbé e síbẹ̀, ó tún yọ̀. Ọ̀gá Kékeré bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín inú yẹn tó ń mú kí gbogbo ara ọmọ máa fò. Wọn kò rí i gbà lọ́wọ́ bàbá mọ́ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì máa lọ, ọmọ sùn lé e láyà, orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n náà gẹ́lẹ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ bá mi sọ ọ́ dé etí Ìyá Òkè.

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn kúrò lẹ́nu, ó fi há etí aṣọ mi, mo sì bi í bóyá bàbá yìn ín lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi? Ó ní kò burú. Ó ní ṣùgbọ́n mo gbójú fo irun díẹ̀ lẹ́yìn etí òsì, kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá mú un kúrò. Mo gbé dígí, mo gbé iná, mo wo ẹ̀yìn etí yẹn títí. Kò sí irun kankan níbẹ̀. Mo ti ń pọ́n abẹ."